Ṣé kí n ra àdírẹ́sì ìkànnì tèmi kí n tó máa kọ nípa iṣẹ́ kóòdù?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù láti Wuse dé Kubwa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ máa kọ bí mo ṣe ń yanjú ìṣòro PostgreSQL, ètò tí a fi ń tọ́jú dátà, kí agbanisíṣẹ́ lè rí bí mo ṣe ń ronú. Mo ti fi Hugo, irinṣẹ́ tó ń ṣe ojú-ìwé ìkànnì, gbé búlọ́ọ̀gì mi sórí GitHub Pages, ibi tí GitHub ti ń gba ìkànnì èèyàn sí: ọ̀fẹ́ ni, kì í jẹ dátà púpọ̀, àmọ́ ta ló ń yà síbẹ̀? Èrò wà lórí dev.to, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń kọ̀wé, nítorí náà mo máa ń tún àkọsílẹ̀ mi gbé síbẹ̀ pẹ̀lú canonical_url, ìlà tó ń tọ́ka sí àdírẹ́sì àkọ́kọ́, kí Google lè mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó.

Ó ku àdírẹ́sì tèmi tó parí sí .com.ng, ti Nàìjíríà. Bí mo bá rà á tó bá yá, GitHub á máa darí àwọn tó bá tẹ àdírẹ́sì àtijọ́ wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí n kò bá san owó ọdọọdún, gbogbo líǹkì á kú. Ṣé kí n rà á báyìí, àbí kí àkọsílẹ̀ kọ́kọ́ pọ̀?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.