Ohun tó ń dún nísàlẹ̀ orin Hárúnà

Ẹ̀yin ará, ìtàn bí orin àti ìlù ṣe wọ̀ mí lára rèé. Wọn ò bí mi sílé onílù. Káfíńtà ni mí, Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo dàgbà sí. Bàbá mi ní gírámafóònù kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, rẹ́kọ́ọ̀dù Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, ló sì máa ń gbé sí i lálẹ́ Sátidé. Àwọn àgbà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Èmi, ohun kan tó ń dún gbì-gbì nísàlẹ̀ orin ni mò ń gbọ́. Mo rò pé ẹnì kan ló ń gbá àpótí. Bàbá mi ní, "Agídìgbo nìyẹn." Nígbà tí Hárúnà kú ní 1983, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni gírámafóònù yẹn fi dákẹ́ nílé wa.

Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà tí mo kan tèmi. Àpótí pákó, ihò róbótó lójú rẹ̀, irin ayùn àtijọ́ márùn-ún. Ó kọ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó ń dún bí ìkòkò tó sán. Bàbá àgbà kan ládùúgbò wa, tó ti ta á rí lóde àríyá, gbé e lé itan, ó ní mo ti to gbogbo irin náà lọ́gbọọgba. Èyí tó bá yọ síta gùn, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Bí o bá tì í wọlé díẹ̀, á gòkè. Gbogbo ọ̀sán la fi ń tì í, tí a ń fà á. Nígbà tí bàbá wá fọwọ́ kan ta irin, tó ń fi ìkejì gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí, orí mi wú.

Yusuf Ọlátúnjí, Baba Lẹ́gbàá, olórin sákárà, ló jẹ́ kí n ra ìlù sákárà. Amọ̀ tí wọ́n mọ róbótó tí wọ́n sun ni, awọ ewúrẹ́ lójú. Bí òjò bá rọ̀, awọ á dẹ̀, àfi kí n gbé e yáná. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà já bọ́ lọ́wọ́ mi lórí síméńtì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kan, ó fọ́ sí mẹ́ta. Mo sunkún.

Mo fẹ́ràn Àyìnlá Ọmọwúrà náà, àpàlà tirẹ̀ yá, ó ta bí ata. Ṣùgbọ́n ti Hárúnà, tí wọ́n jókòó lù, tí kò kánjú, tí kò sí gìtá níbẹ̀, òun ló bá ẹ̀mí mi mu.

Bàbá mi ti lọ, bàbá àgbà náà ti lọ. Lálẹ́ Sátidé, mo máa ń ta ti ìsàlẹ̀ yẹn nìkan, ọmọ mi obìnrin á máa lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ohùn irin karùn-ún ṣì há díẹ̀. N kò fọwọ́ kàn án, torí bàbá yẹn ló tì í dé ibi tó wà.