Okùn irin tàbí okùn ìfun: èwo ni ká fi ta orin Corelli ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin. Ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ yìí bá gùn díẹ̀.

Fáólìn méjì, sẹ́lò kan àti kíbọ́ọ̀dù ni wá. Sonata olóhùn mẹ́ta ti Corelli, olórin ará Ítálì ayé àtijọ́, èyí tó jáde ní Róòmù lọ́dún 1681, la ń kọ́. Orin Haydn, olórin ayé àtijọ́ mìíràn, ló kàn. Òde òní, 440 ni ohùn A (iye ìgbà tí okùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣùgbọ́n 415 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta orin ayé Corelli ń lò, ó fi bí ìdajì ohùn kan wálẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù kò le: ẹ tẹ transpose, bọ́tìnì tó ń gbé ohùn sókè tàbí wálẹ̀, sí -1, ó bùṣe. Okùn ni wàhálà. Okùn irin máa ń dẹ̀ jù ní 415, okùn G, tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù lórí fáólìn, á máa gbọ̀n rìrì, ohùn rẹ̀ á sì wúwo. Tí a bá tún fà á padà sí 440 fún orin ìjọ, kì í tètè dúró sójú kan.

A ti dúró ní 440, a di ọ̀pá onírun tí a fi ń ta okùn mú sókè díẹ̀ kúrò ní ìdí rẹ̀, a sì dín ìgbọ̀n ìka lórí okùn kù. Ìyẹn dára gan-an, ijó inú orin náà jáde. Okùn ìfun àgùntàn ló wù mí, àmọ́ ọ̀rinrin òjò máa ń yí ohùn rẹ̀ padà. Ọyẹ́ sì máa ń gbẹ igi, èèkàn tí a fi ń fa okùn á máa yọ̀. Ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ ló ń dì í mú.

Ìbéèrè mi nìyí: ní irú ojú ọjọ́ wa yìí, ṣé okùn ìfun lè pẹ́ tó láti tọ́ sí owó rẹ̀, àbí ká dúró sórí irin ní 440?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.