Ta ló rántí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan ní Òkèsà, Iléṣà?

Ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ kú àsìkò yìí o. Mò ń wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò tó ya àwọn òbí mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù, ikán sì ti jẹ ẹ́ dé èjìká bàbá mi. Òǹtẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ Òkèsà, Iléṣà àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan ló ṣeé kà. Á jẹ́ pé láàárín 1976 sí 1991 ni, kí wọ́n tó yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Kọ́tìnì tí wọ́n ya àtẹ̀gùn àti òdòdó sí ló wà lẹ́yìn wọn (àtẹ̀gùn ọ̀hún ò já síbì kan).

Màmá mi ní oníbúrẹ́dì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, pé òórùn búrẹ́dì gbígbóná ò jẹ́ kóun dúró jẹ́ẹ́. Ohun tí wọ́n rántí ò ju ìyẹn lọ. Mo bi àwọn ìyá ọjà Àtàkúnmọ̀sà, kálukú ń dárúkọ tirẹ̀. Google ò mọ nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, ṣé nẹ́gátíìfù wọn sì wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni báyìí?