Lórí "ọgbà ẹranko àdáyébá": ọgbà kọ́ o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Orúkọ Yorùbá là ń wá fún "strict nature reserve", igbó tí òfin dáàbò bo gbogbo ohun inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí á máa pe irú rẹ̀, bíi Queen's Plot, hẹ́kítà 32 tó wà nínú igbó ọba Àkúrẹ́ (igbó tí ìjọba ń ṣọ́), ní "ọgbà ẹranko àdáyébá". Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, "ọgbà" yẹn kò bọ́ sí i. Ohun tí a bá sọ ọgbà yí ká, inú rẹ̀ ni ẹranko ń gbé, ènìyàn ló sì ń bọ́ ọ. Ta ló ń bọ́ ẹtu àti ọ̀bọ inú igbó yẹn? Àtíòro á gbé èso mì níhìn-ín, á lọ tu kóró rẹ̀ sílẹ̀ lókèèrè, ibẹ̀ ni igi yóò ti hù. Èyí tí a há mọ́ inú àgò kò lè ṣe é. Arère, ọ̀mọ̀ àti àràbà ńkọ́? Ṣé ẹranko làwọn náà ni?

"Igbó ọba" tí àwọn àgbà ń pè dùn létí mi púpọ̀, àmọ́ ó gbòòrò jù. Nínú igbó ọba, agégẹdú lè gba ìwé, kí aṣọ́gbó fi òòlù ìjọba lu òǹtẹ̀ sára ìtì igi àti kùkùté rẹ̀, kí wọ́n sì gbé gẹdú lọ. Wọ́n tún máa ń jẹ́ kí àgbẹ̀ gbin iṣu àti àgbàdo sáàárín tíìkì kéékèèké fún ọdún díẹ̀, títí òjìji igi á fi bo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yẹ kí àgbẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń bàjẹ́: ẹni tó bá ti gbin kòkó síbẹ̀ kì í fẹ́ kúrò mọ́. Ti Queen's Plot yàtọ̀: a kì í gé igi rẹ̀, a kì í fi dá oko.

"Igbó àìdá" ni mo fọwọ́ sí. Àì- yẹn ni òfin ibẹ̀.

*

Àbúrò, òtítọ́ lo sọ lórí ọgbà. Ṣùgbọ́n "àìdá"? Bí ẹnu bá fa fáwẹ́lì yẹn díẹ̀, ó di "àìdáa", igbó burúkú! Ta ni yóò kọ ìyẹn sójú pátákó? Wáyà tí wọ́n fi ń dẹ ẹtu kì í sì í dá oko. Àìdá kò ká a. "Igbó àìfọwọ́kàn" ló kó igi àti ẹran pọ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n, àìfọwọ́kàn kẹ̀? Aṣọ́gbó gbọ́dọ̀ ro ààlà kí ọyẹ́ tó dé, kí iná oko má bàa wọlé. Àwọn olùwádìí tó ń wọn igi ńkọ́? Wọn ò ní fọwọ́ kàn án ni?