Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ Gíríìkì àtijọ́, báwo lẹ ṣe borí àtẹ ọ̀rọ̀-orúkọ, níbi tí ìparí orúkọ ti ń yí padà bí iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbólóhùn bá ṣe yí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. A ò tíì mọ álífábẹ́ẹ̀tì wọn tán tí olùkọ́ fi kọ "ọ̀rọ̀" ní èdè wọn sí pátákó: λόγος, λόγου, λόγῳ, λόγον, λόγε. Ti ẹyọ nìyẹn o, ti ọ̀pọ̀ ṣì ń bọ̀. Àwa tó jẹ́ pé ajá ni ajá ń jẹ́, yálà òun ló bu èèyàn jẹ ni o, tàbí èèyàn ló lù ú, a bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wa.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Yorùbá ò ní irú ẹ̀ rárá. "Mo rí i", "ó rí mi". "Wọ́n rí wa", "a rí wọn". Ṣé ẹ rí i pé arọ́pò-orúkọ tiwa náà ń pààrọ̀ aṣọ bó bá kúrò ní olùwà tó di àbọ̀? Gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ ni Gíríìkì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ní tiẹ̀.

Ìsọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n pín orúkọ sí. Ìkíní àti ìkejì kò le. Ẹni tó bá ti mọ ὁ, ἡ, τό (bíi "the" ti Gẹ̀ẹ́sì, fún akọ, abo, àti èyí tí kì í ṣe akọ tàbí abo) dé ìdí ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: τοῦ λόγου, τῷ λόγῳ, ẹ̀ ń gbọ́ bí wọ́n ṣe jọra. Ìkẹta ni wàhálà. Νύξ ni òru, ẹ ò sì ní rí τ kankan nínú ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá dé νυκτός. Obìnrin ni γυνή, ó di γυναικός. Ζεύς pàápàá, olórí àwọn òrìṣà wọn, Διός ló ń dà! Torí náà, ẹ má kọ́ orúkọ kan láì kọ́ jẹ́nítíìfù rẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ìrísí tó ń fi ẹni tó ni nǹkan hàn, bíi νυκτός, "ti òru". Ẹ yọ -ος kúrò lára νυκτός, νυκτ- tó ṣẹ́ kù lẹ ó máa so ìparí yòókù mọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àwọn orúkọ tó parí sí -μα ló fún èmi nígboyà. Πνεῦμα, σῶμα, αἷμα, ὄνομα: ẹ̀mí, ara, ẹ̀jẹ̀, orúkọ. Kò sí akọ, kò sí abo nínú wọn, -ματος sì ni jẹ́nítíìfù gbogbo wọn. Májẹ̀mú Titun kún fún wọn. Mo máa ń kà wọ́n sókè nídìí iná títí àwọn ọmọ fi ń bá mi gbè é.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni Jòhánù 1:1, θεὸς ἦν ὁ λόγος. Orúkọ méjèèjì ló parí sí -ος, ta wá ni olùwà? Ὁ tó wà níwájú λόγος ló tú àṣírí. Bíbélì wa náà tò ó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: "Ọlọrun si li Ọ̀rọ na." Bí a ṣe ń sọ pé "olùkọ́ ni Táyọ̀" náà nìyẹn. Èdè wa gbà á láìsí wàhálà.

Ará Peckham:
Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ohùn! Àmì orí ἄνθρωπος (èèyàn) yẹn, ohùn òkè ni nígbà ayé àwọn ará Áténì. Bí ọ̀rọ̀ náà bá di ἀνθρώπου, fáwẹ́lì ìparí ti gùn, ohùn òkè gbọ́dọ̀ sún síwájú. Àwọn òyìnbó tá a jọ wà ní kíláàsì ń kùn pé kí ni ìyà yìí. Èmi ń gbọ́ ọ ní etí mi ni. Ní ìsọ̀rí kìíní, jẹ́nítíìfù ọ̀pọ̀ á máa parí sí -ῶν, ohùn á gòkè á tún sọ̀ kalẹ̀, ibi yòówù kí àmì wà tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́, nígbà tó yá ohùn náà di ìtẹnumọ́ lásán, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣe ń fojú fo àmì náà. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ ṣọ́ra fún ὁδός (ọ̀nà) àti νῆσος (erékùṣù) o, abo ni wọ́n pẹ̀lú -ος ìdí wọn.

Ẹni tó bá ti ń ka Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, níbí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mú jẹ́nítíìfù tó parí sí -οιο nínú ewì rẹ̀ mọ́ra?