Bíréèkì carbon ceramic àbí ti irin: ohun tí ojú wa rí

Ará Kent:
Ẹ̀gbọ́n tó ń béèrè bóyá kóun ra Porsche 911 àlòkù oní bíréèkì carbon ceramic (èyí tí wọ́n fi carbon àti ceramic ṣe dísíìkì rẹ̀ dípò irin), ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹni tó ra ọkọ̀ mi ní tuntun ló san owó bíréèkì carbon ceramic oní kálípà aláwọ̀ ìyeyè yẹn (kálípà ló ń fi páàdì fún dísíìkì, ìyẹn àwo tó ń yí pẹ̀lú táyà, kí ọkọ̀ lè dúró). Mo rò pé ọ̀fẹ́ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Dísíìkì náà kì í dípẹtà, eruku dúdú kì í bo rìmù, ó sì fúyẹ́ tó ìdajì ti irin. Ká ní ibi iṣẹ́ nìkan ni mò ń gbé e lọ, bóyá ǹ bá má pààrọ̀ rẹ̀ láéláé.

Ṣùgbọ́n mo máa ń gbé e lọ sáré ní Brands Hatch, pápá ìsáré ọkọ̀. Ibẹ̀ ni owó ti ń jóná. Téèyàn bá ń tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ léraléra lórí eré, ooru á máa jó carbon inú dísíìkì. Ẹ lè wò ó kẹ́ ẹ rò pé ó ṣì nípọn dáadáa, àṣé ó ti ń fúyẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ìwúwo tí kò gbọ́dọ̀ dín sí sí i lára. Mẹkáníìkì mi gbé tèmi sórí òṣùwọ̀n: méjèèjì iwájú ti lọ. Mẹ́rin tuntun pẹ̀lú páàdì, ó lé ní 12,000 pọ́ùn. Ti irin (àwọn kan ń pè é ní sítíìlì, irin dídà ni) kò tó 2,500. Irin ni mo fi sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Ará Birmingham:
Ẹ ṣeun, bọ̀ọ̀dá mi. Èmi ò lọ pápá rí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pààrọ̀ táyà ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n fa rìmù yọ láìfi irin atọ́nà sí i, ó gbá etí dísíìkì, etí náà sì kán. Ẹyọ kan péré, mo san ju 3,000 pọ́ùn lọ. Ó dùn mí gan-an. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń dúró tì wọ́n ni.

Ará Houston:
Nígbà tí mo ń ra Carrera S (irú Porsche 911 kan) tuntun, ohun tó lé ní 8,000 dọ́là ni wọ́n fẹ́ fi kún un nítorí bíréèkì yìí. Ojú ọ̀nà ibí tẹ́jú pẹrẹsẹ, n kì í sáré ìje. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ti irin. Ọdún karùn-ún rèé, páàdì nìkan ni mo ṣì pààrọ̀.