Mo ń sanra ṣáá lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, ẹ gbà mí o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, mo parí chemo (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ) lọ́dún tó kọjá, oògùn letrozole tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ pa dà ni mò ń lò báyìí, àmọ́ mo ti fi kílò 9 sanra sí i, síìpù síkẹ́ẹ̀tì tí mò ń wọ̀ kí n tó ṣàìsàn ò pa dé mọ́. Dókítà ní téèyàn ò bá ṣe nǹkan oṣù mọ́, ọ̀rá ara gan-an ló ń ṣe estrogen, ìyẹn èròjà ara obìnrin, estrogen yìí sì ni irú jẹjẹrẹ tèmi ń jẹ, pé kí n yáa fọn díẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu! Orúnkún ń ro mí tí mo bá ti rìn tó ìṣẹ́jú 10. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹ má ní kí n gbààwẹ̀ o, mo gbìyànjú ẹ̀, òòyì ló kọ́ mi.